Ṣé Google Drive nìkan tó fún àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa?

Kò tó o. Google máa ń ti fáìlì pa lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti rí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì yín gbà ti wọlé nìyẹn. Ẹ fi VeraCrypt, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń fi aṣínà ti fáìlì pa, ti ìwé owó àti nọ́ńbà àkáǹtì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pa lórí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó gbé e sókè. AES-256, ìyẹn ọ̀nà ìtìpa kan tó lágbára gan-an, ló sábà máa ń lò. Bí olè bá jí fáìlì náà, wúruwùru ni yóò rí.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí ni pé fódà tó ń bá Drive rìn kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, ó ti pa èyí tó wà lórí Drive náà rẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ 30 péré ló máa lò nínú àpótí ìdọ̀tí kó tó lọ pátápátá. Nítorí náà, ẹ ní ẹ̀dà mìíràn lórí háàdì dísìkì tí ẹ ń yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kó sì wà ní ilé ọ̀tọ̀.

Bí aṣínà VeraCrypt bá sọnù, ó parí, kò sí ọ́fíìsì tí ẹ máa sáré lọ. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí alága àti akápò tì í mọ́ ibi tó láàbò. (Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe orí WhatsApp!)

Lóṣooṣù, ẹ gbé ẹ̀dà kan sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ ṣí i wò bóyá ó ṣeé kà.