Lẹ́pa Ni Mí, Ìgbéyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Sì Ti Dé Tán
Ìyá Nọ́ọ̀sì ń dáhùn ìbéèrè yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 22 ni mí, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń kọ́ ní Òṣogbo. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní lẹ́pa, kò sì dùn mí títí di ọdún yìí tí ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú oníbàárà. Ó ní aṣọ tí òun bá fi wọ̀ mí kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí hángà. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi kan wá bá mi ra oògùn sísanra lọ́jà. Inú ọ̀rá ló wà, kò ní páálí, kò ní orúkọ: ọ̀kan funfun, ó kéré, èkejì dà bí omi aró. Wọ́n ní kí n máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí. Ojú mi ti kún díẹ̀, gbogbo èèyàn ń sọ pé mo ti ń rẹwà, ṣùgbọ́n oorun ń kùn mí nídìí ẹ̀rọ débi pé abẹ́rẹ́ gún mi níka lánàá. Kílò 46 ni mí, mo sì fi téèpù wọn gíga mi, ìǹṣì 66 ni. Mò ń jẹun dáadáa o, mà: tíì láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, àmàlà àti ewédú lálẹ́. Ṣé kí n máa lo oògùn náà lọ?
— Lẹ́pa, Òṣogbo

Rárá, ọmọ mi. Má fi ọ̀kan sẹ́nu mọ́. Ìka tí abẹ́rẹ́ gún yẹn, ṣé o ti gba abẹ́rẹ́ tẹ̀táńọ́ọ̀sì rí? Bí o kò bá rántí, béèrè nígbà tí o bá dé ilé ìwòsàn, nítorí wàá lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, wàá sì mú ọ̀rá oògùn náà dání.

Mi ò rí oògùn yẹn, mi ò sì ní fi ojú inú wò ó fún ọ. Ṣùgbọ́n ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ tí mo ti gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin kì í ṣe kékeré. Ohun méjì la sábà máa ń bá níbẹ̀. Ọ̀kan ni cyproheptadine, oògùn tí wọ́n ṣe fún ara yíyún àti imú tó ń ṣomi. Ó ń fa oorun, ó sì ń mú kí ebi máa pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ di oògùn sísanra. Ọjọ́ tí o bá dá a dúró, ebi náà á lọ, ara tó wá á bá a lọ. Fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ di alẹ́, oorun yẹn nìkan tó ewu.

Èkejì ni mo ń bẹ̀rù jù: dexamethasone. Oògùn gidi ni, ó ti gba ẹ̀mí là lójú mi. Àmọ́ dókítà ló ń kọ ọ́, ó sì ní iye ọjọ́. Bí èèyàn bá ń lò ó bí ẹní ń jẹ súìtì, á gbé ìfúnpá sókè, á sọ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀, á máa jẹ eegun lábẹ́lẹ̀, ara ò sì ní lè bá àìsàn jà mọ́. Òun ló ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún rọ̀mù-rọ̀mù kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Tí wọ́n bá ní o ti ń rẹwà, ó dùn létí, mo mọ̀. Wo apá rẹ nínú dígí kí o tó gbà wọ́n gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kò tíì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń ka èyí, tó jẹ́ pé ẹ ti lo irú rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì o. Ohun kékeré méjì kan jókòó lórí kíndìnrín wa, àwọn ló ń ṣe irú èròjà yìí fún ara. Bí oògùn bá ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọn á ti sùn lọ. Bí oògùn bá ṣàdédé dáwọ́ dúró, èèyàn lè dákú, ó tiẹ̀ lè kú. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ó yá, ká wá sọ ti ara rẹ gan-an. Ìǹṣì 66 jẹ́ mítà 1.68. Mo fi 1.68 náà lọ́po ara rẹ̀, ó jẹ́ 2.82. Mo fi pín kílò 46, ó fún mi ní 16.3. Òun ni wọ́n ń pè ní BMI, ìwọ̀n tí a fi ń mọ̀ bóyá kílò èèyàn bá gíga rẹ̀ mu. Ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà ni 18.5, ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ kò tó. Nítorí náà, ọ̀gá rẹ kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n kò parọ́. Kílò 52 àti díẹ̀ ló yẹ kí o kọ́kọ́ máa lé.

“Mò ń jẹun dáadáa.” Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kílò 44 ni mí, ìlẹ̀kùn wọ́ọ̀dù máa ń fẹ́ gbé mi lọ tí mo bá tì í. Mètírọ́ọ̀nù kan fún mi ní ìwé, ó ní kí n kọ gbogbo ohun tó bá kọjá lẹ́nu mi fún ọjọ́ mẹ́ta, omi nìkan ni kí n yọ sílẹ̀. Mo rò pé ìwé náà ò ní tó mi. Kò kún ìdajì. Lọ́jọ́ kejì, ègé búrẹ́dì kan àti ẹ̀bà alẹ́ ni mo rí kọ, bẹ́ẹ̀ mo ti fi ẹnu búra fún un pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mò ń jẹun lójúmọ́.

Mo ti ṣe ìwé tìrẹ fún ọ láti inú lẹ́tà rẹ. Tíì láàárọ̀: o kò dárúkọ búrẹ́dì, o kò dárúkọ ẹyin. Omi gbígbóná tó ní àwọ̀ ni o mu jáde nílé, ọmọ mi. Ìrẹsì lọ́sàn-án, mo mọ aago tí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń rí ọ̀sán jẹ, ìgbà tí ọ̀gá bá gbà ni. Àmàlà àti ewédú lálẹ́. Àmàlà dáa, ewédú dáa fún ara, ṣùgbọ́n ewé àti omi ló pọ̀ jù nínú ewédú. Ó ń mú òkèlè lọ ni, kì í gbé ara ró. Oúnjẹ méjì lo ń jẹ lójúmọ́. Kò sí oògùn tó lè fi méjì kọ́ ilé ẹni tó nílò mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Má gbìyànjú láti sọ òkèlè mẹ́rin di mẹ́jọ. Ikùn tí kò mọ̀ ọ́n á kọ̀ ọ́, wàá sì sá fún oúnjẹ lọ́jọ́ kejì. Àárín oúnjẹ ni kí o kún. Láàárọ̀, mu ẹ̀kọ gbígbóná dípò tíì, po ṣíbí ìjẹun méjì mílíìkì oníyẹ̀fun àti ṣíbí kan ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn, kí o fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín tì í. Ní aago mẹ́wàá, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ò gba ṣíbí, wọn ò gba àwo, o lè fi wọ́n sínú báàgì lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà yẹn tó kálórì 170, ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tó 200. Kálórì 300 sí 500 lórí ohun tí ò ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni a ń wá lójúmọ́, o ti rí i lábẹ́ ẹ̀rọ kí ọ̀gá tó tajú.

Lọ́sàn-án, sọ fún olóúnjẹ kó bu ẹ̀wà lé ìrẹsì náà. Bí owó bá wà, ẹyin kan. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, gàrí àti kúlíkúlí, kì í ṣe gàrí àti ṣúgà. Lálẹ́, jẹ́ kí ẹ̀gúsí bá ewédú gbé pọ̀ nínú àwo, nítorí ẹ̀gúsí ní òróró, ó ní èròjà amúaradàgbà. Ṣíbí ìjẹun epo pupa kan tó kálórì 120, má bẹ̀rù rẹ̀, ìwọ kọ́ ni wọ́n ń kìlọ̀ epo fún. Bí àsìkò píà bá dé, jẹ ẹ́ bí o bá ṣe rí i. Wàrà àwọn Fúlàní náà dáa, bí a bá sè é dáadáa. Má mu omi kún ikùn ṣáájú oúnjẹ, jẹun tán kí o tó mu ún. Mo mọ̀ pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í ní owó rẹpẹtẹ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi dárúkọ ẹran fún ọ. Àmọ́ ṣírò iye tí o san fún oògùn inú ọ̀rá yẹn, kí o wo iye ẹ̀pà tí ì bá rà.

Ìdí ẹ̀rọ lo ń jókòó sí látàárọ̀. Bí o bá ń jẹun tí ara kò ṣe nǹkan kan, ikùn nìkan ni yóò yọ. Dìde lórí àga, jókòó padà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láì fi ọwọ́ ti ara rẹ. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Fi ọwọ́ ti ògiri bí ẹni fẹ́ bì í wó. Gbé jálá omi méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Kí ohun tí o jẹ lè di iṣan ni.

Ohun kan wà tí o kò kọ sínú lẹ́tà rẹ tí mo fẹ́ mọ̀: nǹkan oṣù rẹ ńkọ́? Ara tí ebi ń pa lè dá a dúró. Bí o kò bá ti rí i fún oṣù mẹ́ta, sọ fún dókítà. Bí oúnjẹ bá ń bà ọ́ lẹ́rù, tàbí tí o ń bì í jáde fúnra rẹ, sọ ìyẹn náà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó sì yẹ ká mọ̀ bóyá bí o ṣe wà láti kékeré nìyí, tàbí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rù. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá sí wọ́ọ̀dù wa nígbà kan, ó ti rù kan eegun. Àwọn ẹbí ní ìyàwó bàbá rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, wọ́n ti ná owó ewúrẹ́ méjì sórí ọ̀rọ̀ náà. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń sùn. Ó ní òógùn máa ń rin ẹní òun ní òru. Ó ti ń wúkọ́ láti oṣù méjì. Ikọ́ ife ni. Oṣù mẹ́fà ló fi lo oògùn, ìyàwó bàbá tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn ló ń gbé oúnjẹ wá fún un. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ikọ́ ife nílé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà, nítorí náà, ikọ́ tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kì í ṣe ohun àfipamọ́.

Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́ ṣáá tí ìtọ̀ kò sì jẹ́ kí o sùn, kí wọ́n wo ṣúgà rẹ. Bí àyà bá ń já ọ lásán, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ooru ń mú ọ níbi tí otútù ti ń mú ẹlòmíràn, kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀, àní bí ọrùn rẹ kò bá tiẹ̀ wú. Aràn náà ńkọ́, àti HIV. Bí ohun gbogbo bá mọ́, a jẹ́ pé oúnjẹ ló kù.

Nípa ìgbéyàwó: ìdá kan nínú mẹ́rin kílò sí ààbọ̀ kílò lọ́sẹ̀ ni ara tó ń sanra bó ṣe yẹ ń gbà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún á fún ọ ní kílò méjì ààbọ̀, bó bá pọ̀ jù. Kí o tó dé 52, á tó oṣù mẹ́ta, ó lè tó mẹ́fà. Aṣọ ẹbí rẹ, ìwọ lo máa rán an, àbí? Rán an sí ara tí o ní báyìí, kó bá ọ mu. Ṣùgbọ́n fi ìǹṣì kan sílẹ̀ nínú ìránṣọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, má gé e dànù. Bí ó bá fi máa di Ọdún Tuntun, wàá rí i tú.

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó wà ní pólì. Mítà 1.78 ni gíga rẹ̀, kílò 60 ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní pánla. Ìyàwó mi ń fún un ní móọ̀tì tí wọ́n po mílíìkì mọ́ lójoojúmọ́. Èmi náà rí tẹ́ẹ́rẹ́ títí mo fi lé ní 30 ọdún. Ṣé àìsàn ni?
— Bàbá Ọmọ, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, sà. Mo ṣírò tiẹ̀ náà, 18.9 ni, ó ti kọjá ààlà. Ọmọ tó ga ni, ó jọ bàbá rẹ̀. Bí kílò rẹ̀ kò bá ń já wálẹ̀, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Móọ̀tì àti mílíìkì kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ. Ṣúgà ló pọ̀ nínú móọ̀tì. Ẹ jẹ́ kó mu mílíìkì náà, kí móọ̀tì dúró de òde àríyá. Àmọ́, sà, mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì: mo rí ohun tí ìyàwó yín ń fẹ́, mo rí ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wí. Mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan láti ẹnu ọmọ náà. Ẹ bi í bóyá ó tiẹ̀ fẹ́ sanra.