Òdòdó tó ń pa sẹ́ẹ̀lì kánsà ní láàbù, ṣé mọ́mì mi lè máa mu ún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kánsà ọmú ni wọ́n rí lára mọ́mì mi, wọ́n ti gba kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa kánsà, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń rẹ̀ wọ́n gan-an. Ẹnì kan wá fi ìwádìí kan ránṣẹ́ sí wa pé oje tí wọ́n fà yọ lára òdòdó kan pa sẹ́ẹ̀lì kánsà ọmú, ó tún gbé ìgò kan wá fún wa. Ṣé kí wọ́n máa mu ún mọ́ kímò ni àbí kí wọ́n kúkú fi kímò sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kímò sílẹ̀, kí wọ́n má sì tíì fẹnu kan ìgò yẹn. Apòògùn ni mí, àwọn tó ń gba oògùn kánsà ni mò ń tọ́jú, mi ò sì kórìíra ewé àti egbò rárá, torí ara igi àti ewé ni díẹ̀ nínú oògùn tí mò ń pò fún wọn ti jáde.

Ìwádìí yẹn lè má parọ́ o. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é rèé: wọ́n á sá òdòdó náà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ọtí líle inú láàbù bí ethanol tàbí methanol, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kí ọtí yẹn gbẹ kúrò, ohun tó bá kù nídìí ìgò tó ń lẹ̀ bí oyin tó ti dì, òun ni wọ́n máa pò. Wọ́n á wá gbé àwo oníke pẹlẹbẹ kan tó ní ihò kéékèèké 96, sẹ́ẹ̀lì kánsà wà nínú wọn, wọ́n á kán èyí tó le sí ihò yìí, wọ́n á kán èyí tó fẹ́lẹ́ sí tọ̀hún, ó lè tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó padà sí i, wọ́n á wá kán omi yẹ́lò kan tó ń jẹ́ MTT sí gbogbo ẹ̀. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá ṣì wà láàyè, yẹ́lò yẹn á di elésè àlùkò, ibi tí wọ́n bá ti kú, á wà ní yẹ́lò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kán bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọṣọ sínú ihò yẹn, sẹ́ẹ̀lì kánsà á kú náà, èyí tó dáa pàápàá á kú.

Ẹ tún wo ti ìwọ̀n. Ká ní máíkrógíráàmù 200 nínú mìlílítà kan ló pa ìdajì sẹ́ẹ̀lì yẹn, ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó bíi lítà 5, á jẹ́ pé odidi gíráàmù 1 gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ kó sì dúró síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí téèyàn bá gbé mu, inú ò ní gba gbogbo ẹ̀ wọlé, ẹ̀dọ̀ á sì máa fọ́ ìyókù.

Àwọn ewéko tó yege di oògùn ńkọ́? Ẹ wo Madagascar periwinkle, òdòdó ẹ̀ rẹwà gan-an, àmọ́ ewé ẹ̀ ni wọ́n ti rí oògùn kánsà méjì, vinblastine àti vincristine, ìyẹn bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ Robert Noble àti Charles Beer ní Kánádà láàárín ọdún 1950 sí 1959, oògùn àtọ̀gbẹ ni wọ́n tiẹ̀ ń wá tí wọ́n fi rí i pé ó ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹnikẹ́ni kì í se ewé yẹn mu fún kánsà o, májèlé ni. Ojú iṣan là ń gba vincristine sí, ní mìlígíráàmù kan tàbí méjì péré, tó bá ṣèèṣì wọ omi ọ̀pá ẹ̀yìn, ó lè pààyàn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kéèyàn máa mu òdòdó mọ́ kímò láìsọ fẹ́nì kankan. Òdòdó yẹ́lò kan wà tó ń jẹ́ St. John's wort, ó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ oògùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn èèyàn díẹ̀ tó ń gba oògùn kánsà kan tó ń jẹ́ irinotecan ní Netherlands ní 2002, èròjà tó ń pa kánsà nínú oògùn yẹn lọ sílẹ̀ ní 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Aláìsàn á jókòó gba kímò, irun á máa re, èébì á máa gbé e, oògùn ò sì ní pé lára ẹ̀. Docetaxel tí wọ́n ń lò fún kánsà ọmú náà, ọ̀nà kan náà ni ẹ̀dọ̀ fi ń fọ́ ọ.

Ti pé kí wọ́n fi kímò sílẹ̀, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018 lórí àwọn tó pa ìtọ́jú ọsibítù tì tí wọ́n mú nǹkan mìíràn, nínú àwọn tó ní kánsà ọmú, ewu ikú tiwọn ju ìlọ́po márùn-ún ti àwọn tó gba ìtọ́jú lọ.

Òdòdó kan wà ṣá tí mo lè fọwọ́ sí fún mọ́mì tó bá yá, ìpara calendula ni, tí wọ́n bá máa gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú kánsà sí ọmú. Wọ́n dán an wò lára obìnrin 254 ní Faransé, awọ ara tiwọn ò bó tó ti àwọn tó lo ìpara mìíràn. Ara ni wọ́n ń fi í pa o, ẹ ṣì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fún wọn ní ìtànṣán kí wọ́n tó fi pa á.

Ti rírẹ̀ yẹn, ẹ sọ fún dókítà kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ẹ̀jẹ̀ lè ti dín kù, ìyẹn sì ní ìtọ́jú. Ẹ gbé ìgò yẹn dání lọ, ká lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, tí mọ́mì bá sì ti mu díẹ̀, ẹ má bá wọn wí, kí wọ́n ṣáà sọ ọ́. Tí ara wọn bá sì gbóná dé 38 láàárín kímò kan sí òmíràn, kódà kó jẹ́ àárín òru, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.