"Ojúmọ́ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní Zheng": kí ni wọ́n rí?

Ìbéèrè: Mo rí i nínú ìtàn ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́ pé "ní ọdún kìn-ín-ní ọba Yi, ojúmọ́ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní Zheng." Ṣé àlọ́ ni, àbí ó ní ìtumọ̀?

Ó ní ìtumọ̀. Orúkọ ibì kan ní Ṣáínà ni Zheng, Yi sì jẹ́ ọba kan nínú ìdílé ọba Zhou. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni lédè wọn, tiān zài dàn: ojú ọ̀run tún mọ́. Ẹ wo àgbẹ̀ tó ti gbé ọkọ́ lé èjìká ní ìdájí. Ilẹ̀ ti ń là bọ̀, àfi bí òkùnkùn ṣe tún padà wọlé dé; kò pẹ́, ìmọ́lẹ̀ tún yọ. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní òṣùpá ló bo oòrùn lójú gẹ́lẹ́ bó ṣe ń yọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn, ó bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, ọdún 899 ṣáájú ìbí Kristi.

Kí ló kan ìtàn nínú ìyẹn? Ọdún 841 ṣáájú ìbí Kristi ni ìtàn ọdún-dé-ọdún tí Sima Qian, òpìtàn Ṣáínà àtijọ́, kọ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣáájú rẹ̀, orúkọ ọba la rí, iye ọdún tí kálukú lò lórí oyè kò dáni lójú. Bí 899 bá jẹ́ ọdún kìn-ín-ní ọba Yi lóòótọ́, a ti rí èèkàn kan so okùn mọ́ nìyẹn. Nígbà tí ìjọba Ṣáínà kó ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé jọ ní 1996 láti to ọdún àwọn ọba àtijọ́, wọ́n rán àwọn èèyàn lọ sí àríwá Xinjiang, ní ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, ní oṣù Kẹta 1997, níbi tí òṣùpá yóò ti bo oòrùn láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i bóyá ilẹ̀ máa ń mọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn rí i.

Èmi ò lè fi gbogbo ara lé e o. Ti 899 yẹn, òṣùpá kò bo oòrùn tán, etí rẹ̀ ṣẹ́kù yípo bí òrùka. Ẹni tó bá rántí ti 29 oṣù Kẹta 2006 ní Ìbàdàn mọ̀ pé oòrùn tó ṣẹ́kù díẹ̀ ṣì lágbára. Yàtọ̀ síyẹn, ayé ń rọra dẹwọ́ nínú yíyí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ yẹn ti di nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà láti ìgbà náà, àṣìṣe kékeré nínú ìṣirò sì lè gbé ìdájí ọ̀hún kúrò ní Zheng. Ìwé tí gbólóhùn náà ti wá ńkọ́? Inú ibojì ọba kan ni wọ́n sin ín sí, ní nǹkan bíi 600 ọdún lẹ́yìn ọba Yi. Wọ́n hú u jáde, ó tún sọnù, ohun tí àwọn ẹlòmíràn dà kọ nínú rẹ̀ ló kù. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí orúkọ ọjọ́ níbẹ̀.

Nítorí orúkọ ọjọ́ ni agbára àwọn ará Ṣáínà. Ọgọ́ta ni orúkọ ọjọ́ wọn, wọ́n ń kà á yípo láìdúró, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ọjà tiwa kì í ti í bi òṣùpá léèrè kó tó pé. Àwọn akọ̀wé Lu, ìlú ọba kan ní Ṣáínà àtijọ́, kọ ọ́ pé ní ọjọ́ jisi, nǹkan kan jẹ oòrùn ("jẹ" gan-an ni wọ́n lò, bí ẹni jẹ iṣu). Ìṣirò ní 22 oṣù Kejì, 720 ṣáájú ìbí Kristi ni, orúkọ ọjọ́ náà sì bá a mu. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ 37 ló wà nínú ìwé Lu. Èyí tó lé ní ọgbọ̀n ló bá ìṣirò mu.

Ti ọba Wu Ding, ọba Ṣáínà tó ṣáájú Yi, tún jìnnà sí i. Orí eegun màlúù àti igbá ìjàpá tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò, bí ẹni dáfá, ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí pé òṣùpá di jíjẹ lóru ọjọ́ báyìí-báyìí. Ẹyọ kan lè bá ọdún púpọ̀ mu, torí orúkọ ọjọ́ ń padà wá lẹ́yìn ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n márùn-ún ni wọ́n rí, wọ́n sì ní láti bọ́ sí àárín ìran kan ṣoṣo. Ibi tí gbogbo wọn ti lè gbà papọ̀ ni 1201 sí 1181 ṣáájú ìbí Kristi.