Ẹ Má Da Iyanrìn Sílẹ̀ẹ́lẹ̀: Ìpàtẹ Lórí Sàhárà Àtijọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ ṣe yàrá kan nínú mùsíọ́ọ̀mù wa, kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ rò pé Tassili n'Ajjer, ilẹ̀ olókè àpáta tó kún fún àwòrán àtijọ́ ní Àlgéríà, lòun wà, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ ní Sàhárà. A máa da iyanrìn sílẹ̀, a ó fi projector tan àwòrán ara àpáta sógiri, igbe ràkúnmí á sì máa dún nínú sípíkà. Kí ló yẹ ká ṣọ́? — Olùkàwé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ iyanrìn yẹn ná. Iyanrìn gbígbẹ tó kún àpótí mítà kan lọ́nà gbogbo wọ̀n tó kílò 1,600. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ nípọn sẹ̀ǹtímítà 5, kílò 80 ló jókòó sórí mítà kan sí mítà kan. Ká tiẹ̀ ní ilẹ̀ yín gbà á, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń dí ihò atẹ́gùn projector títí táá fi gbóná kú, kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara á sì rì sínú rẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà kun plywood, ẹ wọ́n iyanrìn tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ sì ti sá gbẹ, sórí rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ gbọn èyí tí kò lẹ̀ dànù, kí ẹ wá fi vánísì tí kì í dán kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ògiri aláwọ̀ àpáta máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Àwòrán tó fẹ̀ ní mítà 4, tó ga ní 2.5, lè hàn dáadáa pẹ̀lú projector tó ní lumen 3,000 (lumen ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀) lórí ògiri funfun nínú òkùnkùn. Fún tiyín, ẹ wá 6,000. Irú èyí tí wọ́n ń gbé sún mọ́ ògiri ni kí ẹ rà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjìji àlejò ló máa bo màlúù inú àwòrán.

Ibi tó ń bí wa nínú jù ni ràkúnmí. Nǹkan bí ọdún 11,000 sí 5,000 sẹ́yìn ni òjò pọ̀ níbẹ̀. Erinmi, àgùnfọn àti màlúù ló yẹ yàrá yín. Ràkúnmí ò yọjú sára àpáta àfi lẹ́yìn ẹṣin, nínú àwòrán ìgbẹ̀yìn pátápátá. Ẹ má fi igbe rẹ̀ sínú sípíkà o! Ọkọ̀ ojú omi Dufuna, ọkọ̀ onígi àtijọ́ tí wọ́n rí ní 1987 níbi tó ti di ìpínlẹ̀ Yobe, tó nǹkan bí ọdún 8,000: ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè lo àwòrán ara àpáta tí Henri Lhote, aṣèwádìí ará Faransé, àti àwọn èèyàn rẹ̀ dà kọ ní Tassili? — Olùkàwé kan náà

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ní 1956 sí 1957, wọ́n ń fi omi nu àpáta kí àwọ̀ lè hàn dáadáa, ìyẹn sì ba àwòrán jẹ́. Àwọn kan nínú ẹ̀dà wọn tiẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Fọ́tò òde òní ni kí ẹ gbàṣẹ lò.