Èsì: Oúnjẹ ọ̀sán tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ní Mọ́níyà

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ẹ̀yìn Mọ́níyà n'Ìbàdàn, àti pé ilé oúnjẹ kan ṣoṣo tí ẹ rí ń gba owó gọbọi.

Ẹ má wá oúnjẹ láàárín ilé gbígbé. Ẹ tẹ̀lé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ agbára. Ibi tí awakọ̀, mẹkáníìkì àti bíríkìlà bá ti ń jẹun, yálà létí gáréèjì tàbí lẹ́bàá ọjà, ni àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ti máa ń gbóná, nítorí pé olóúnjẹ tí ń tà fún àwọn èèyàn kan náà lójoojúmọ́ kò ní fẹ́ ṣàdédé fowó lé e.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni mo ń sọ, láàárín aago 11 sí aago 2. Lọ́jọ́ Àìkú, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣí.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ béèrè iye ìgbákọ kan àti iye ẹran, torí ẹran gan-an ló ń fa owó sókè. Pọ̀nmọ́ kan tó fún ọ̀sán. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé ti alẹ́ lọ sílé, ẹ mú kúlà yín dání, kí ẹ má baà san owó ike.