Báwo làwọn purotéènì tó ń darí apilẹ̀ àbùdá ṣe ń sọ irú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí eṣinṣin èso máa ní?

Ìgbà tí wọ́n bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe pàtàkì gan-an. Bí a ṣe ń fi ìgbà tí ọmọ dé mọ Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú àti Àlàbá, bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí. Nínú ọlẹ̀ eṣinṣin èso, sẹ́ẹ̀lì ìyá kan ṣoṣo ń bí oríṣiríṣi ọmọ, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Bó ṣe ń bí wọn ni purotéènì inú rẹ̀ ń yí padà: Hunchback ló ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà Krüppel, Pdm àti Castor. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, á jí àwọn apilẹ̀ kan, á sì pa àwọn mìíràn lẹ́nu mọ́.

Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì ìyá tí wọ́n ń pè ní NB7-1. Ó ń bí sẹ́ẹ̀lì márùn-ún tó ń pàṣẹ fún iṣan ẹran, U1 dé U5, létòlétò. Tí a bá yọ Hunchback kúrò, a ò ní rí U1 àti U2. Tí a bá jẹ́ kó dúró pẹ́ jù, U1 ni ìyá ọ̀hún á máa bí ṣáá! Ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn.

Purotéènì mìíràn, Prospero, ní tirẹ̀ máa ń bá ọmọ lọ nígbà tí ìyá bá pín. Ó ń wọ inú àárín sẹ́ẹ̀lì ọmọ náà, ó sì ń mú kó dẹ́kun pípín léraléra kó lè dàgbà. Láìsí i, àwọn ọmọ á máa pín lọ bí ìyá wọn, èyí sì lè di kókó nínú ọpọlọ.

Eku náà ní ìbátan Hunchback kan, Ikaros, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú ẹyinjú.