Ẹ má fa ata rodo yín tu

Arábìnrin wa, ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o. Ẹ ní ata rodo yín ṣẹ̀ṣẹ̀ so dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó pọ́n nínú rẹ̀. Ewédú yín ń tanná, kò yọ ewé gidi mọ́. Bàbá òyìnbó tó múlé tì yín sì ní kí ẹ fa gbogbo rẹ̀ tu, pé ìgbà ìwọ́wé ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á tu. Òótọ́ ni bàbá yẹn sọ nípa ọgbà tirẹ̀. Lẹ́tíùsì àti ẹ̀wà tútù tó gbìn, ẹ̀rùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Ata rodo kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbin ohun tí à ń jẹ sẹ́yìn ilé mi ní ìlà-oòrùn London, lórí ilẹ̀ alámọ̀ tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Ohun tí ilẹ̀ náà fi yé mi ni pé iṣẹ́ Sẹ̀tẹ́ńbà, ọdún tó ń bọ̀ lèèyàn ń ṣe é sílẹ̀ dè.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ata bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń kán wa lójú. Nílé, ìdí ata rodo kan lè wà lẹ́yìnkùlé fún ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, kó sì máa so. Níbí, òtútù ló ń pa á, kì í ṣe ọjọ́ orí. Òtútù náà kò sì ní láti di yìnyín kó tó ṣe é níbi. Bí òru bá ti ń lọ sí nǹkan bíi dígírì 10, ata á dáwọ́ dúró: kò ní ga sí i, èso orí rẹ̀ kò ní pọ́n, ewé rẹ̀ á máa sọ̀rètí nù. Ọjọ́ tí ìrì dídì bá wá bọ́ sórí rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ewé á ti rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná. Ó ti ṣojú mi, ó sì dùn mí wọra. Ní London, ìrì dídì kì í sábà dé títí di ìparí Ọkitóbà tàbí Nofẹ́ńbà, ìyẹn ló ń mú kí ọkàn èèyàn balẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n òru tó lè da ata láàmú ti ń wọlé láti Sẹ̀tẹ́ńbà. Òru ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo oòrùn ọ̀sán.

Bó bá jẹ́ inú ike ló wà, ẹ gbé e wọlé. Bó bá jẹ́ inú ilẹ̀ ni, ẹ fi ṣọ́bìrì yí i ká, kí ẹ hú u pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú ike tó nihò nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹ yí ewé rẹ̀ wò lábẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé ń sá pamọ́ sí, pàápàá níbi tí ewé tuntun ti ń rú. Níta, àwọn kòkòrò mìíràn ń jẹ wọ́n. Nínú ilé, kò sí ohun tó máa jẹ wọ́n, wọ́n á sì bí bí ẹní fẹ́ kún ilé. Ẹ fi ìka nu wọ́n kúrò, kí ẹ fi omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ fọ ewé náà tòkè tìsàlẹ̀, kí ẹ tún padà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ike náà pẹ̀lú: ìgbín tí kò níkarahun fẹ́ràn ibẹ̀.

Ojú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ló dáa jù fún un, kó má sún mọ́ hítà. Èyí tó ti tóbi tán lórí rẹ̀ á pọ́n níbẹ̀. Ẹ̀yin á ká a, ẹ ó sì gé igi náà mọ́lẹ̀, kó ku òpó rẹ̀ àti ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta kúkúrú. Ẹ̀rù á bà yín láti gé e. Ẹ gé e. Láti ìgbà náà, ẹ dín omi kù gan-an: ẹ ki ìka bọ yẹ̀pẹ̀, bó bá ṣì tutù nísàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Omi púpọ̀ nínú òtútù ń mú gbòǹgbò rà ju ohunkóhun lọ. Ewé rẹ̀ lè wọ́ tán pátápátá ní Disẹ́ńbà. Ẹ má dà á nù. Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń padà bọ̀ ní Fẹ́búárì, ẹ ó rí i tó ń rúwé, yóò sì so ṣáájú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irúgbìn gbìn. Ó di ìparí May kó tó padà síta.

Tòmátì ò nílò gbogbo wàhálà yìí. Ẹ já orí rẹ̀ kó má tún tanná mọ́, ẹ ká èyí tó tóbi tí kò tíì pọ́n, ẹ kó o sínú àpò bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan. Atẹ́gùn tó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa mú un pọ́n. Bí igi rẹ̀ bá ti lábàwọ́n dúdú tó ń rà, àrùn ni, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù kúrò nínú ọgbà.

Ní ti ewédú, kò sí ajílẹ̀ tó máa dá a dúró láti tanná. Òru tó ń gùn ló ń bá ṣiṣẹ́. Ní nǹkan bíi ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ọ̀sán àti òru á fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà, láti ibẹ̀ lọ, òru á máa gùn ju ọ̀sán lọ. Ẹ já ewé kéékèèké tó kù, ẹ sè é. Ẹ fi ìdí méjì tó sanra jù sílẹ̀ fún irúgbìn. Èso gígùn rẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, á wá gbó. Òjò ibí kì í jẹ́ kó gbẹ níta, rírà ló máa ń rà, nítorí náà bó bá ti ń pọ́n bíi àwọ̀ igi, ẹ gé gbogbo ẹ̀ka, ẹ so ó rọ̀ nínú ilé, kí ẹ fi àpò bébà bo orí rẹ̀. Bó bá di àkókò ìgbìn, omi gbígbóná tí àwọn ìyá wa ń rẹ ewédú sí fún ìgbà díẹ̀ ṣì lẹ̀ ń lò, torí èèpo irúgbìn náà le.

Tẹ̀tẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á. Bí ọmọ dúdú tó ń dán bá ń ya lulẹ̀, ó ti gbó nìyẹn. Ẹ fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, ẹ dì í sínú bébà, ẹ kọ ọdún sí i lára.

Ilẹ̀ tó ṣófo, ẹ má fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò fún òjò. Aáyù lè wọbẹ̀ ní Ọkitóbà. Bí yẹ̀pẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ bàtà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ọkọ́ kọ ọ́: ilẹ̀ alámọ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ nígbà tó rẹ á le gan-an tó bá gbẹ. Ewé tó ń wọ́ sílẹ̀, ẹ gbá a jọ sínú ọ̀rá dúdú, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ lu ú níhò, ẹ gbé e sẹ́yìn ilé. Láàárín ọdún kan sí méjì, ó di ìlẹ̀dú.

Ẹ ò sọ ìlú tí ẹ ń gbé. Bó bá jẹ́ Leeds tàbí Glasgow ni, ata náà gbọ́dọ̀ wọlé lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ London, ẹ ṣì láyè díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti wá ike rẹ̀ sílẹ̀.